Àpótí Wáyà Tí Gbogbo Ilé Lè Kà

Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ ọ̀pọ̀ ilé wa: ọ̀kan lọ sí ìdí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan sí ìdí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan sí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà. Inú àpótí kan ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Bí ó bá jẹ́ pé baálé nìkan ni ó mọ̀ wọ́n, kí ni ará ilé yóò ṣe lọ́jọ́ tí ó bá rìnrìn àjò, tí èéfín sì rú níbẹ̀?

Ẹ gbé àpótí náà kọ́ síbi tí omi àti ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí, nítorí ooru a máa ba ẹ̀rọ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti irin, ìta rẹ̀ ni kí ẹ gbé router tí ń tan Wi-Fi sí. Irin a máa dí i lọ́nà.

Ẹ ya wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára wáyà iná, kí iná má baà da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Bí wọn yóò bá pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn. Láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ.

Àkọsílẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ kọ orúkọ yàrá sí etí méjèèjì wáyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àpótí, tí yóò fi ibi tí a ti ń pa iná rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ìyàwó àti àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà pa á, kí wọ́n sì tún un tàn lójú yín. Ìgbà tí wọ́n bá ṣe é láìbéèrè ni ètò náà tó di ti ilé.