INÁ ÌGBẸ́ ÀTI ÀKÓKÒ RẸ̀

Kò sí àgbẹ̀ kan ní Orílẹ̀-Òwu, ní Ìkirè tàbí ní Àpòmù tí kò mọ ìlò iná. Òun ni a fi ń sun ìgbẹ́ tí a ṣán kí a tó gbin iṣu àti àgbàdo. Òun ni ọdẹ fi ń lé ọ̀yà jáde. Ṣùgbọ́n iná yìí kan náà lè jó oko kòkó tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ run ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Kí ni ó mú ìyàtọ̀ wá? Àkókò ni olórí rẹ̀.

Iná kò lè jó bí kò bá rí ohun mẹ́ta: ohun tí yóò jó, afẹ́fẹ́, àti ooru. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, omi ṣì wà nínú koríko, ìrì sì ń sẹ̀ lóru. Iná ní láti kọ́kọ́ lé omi náà jáde, nítorí náà a máa rìn jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ tí ohun gbogbo sì gbẹ, kò sí ohun tí yóò dá a dúró mọ́.

Ní ọdún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe àbójútó igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Olókèméjì, lẹ́bàá odò Ògùn, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tí ọ̀pọ̀ ọmọ Òwu lọ tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí ogun fọ́ ìlú wọn. Wọ́n ń sun apá ilẹ̀ kan lọ́dọọdún ní oṣù kejìlá, kí koríko tó gbẹ tán. Wọ́n ń sun èkejì ní oṣù kẹta, nígbà tí ó gbẹ pátápátá. Wọn kò jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá. Ìròyìn tí a tẹ̀ ní 1960 sọ ohun tí a rí lẹ́yìn ọdún 28: ibi tí a ń sun ní oṣù kẹta ṣì jẹ́ ọ̀dàn, koríko àti igi díẹ̀ tí ó lè fara da iná, ní ibi tí a ń sun ní oṣù kejìlá, igi pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí iná kò dé sì ti di igbó.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iná kékeré kò lè pa kòkó. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ wẹ́wẹ́ kò jìn nínú ilẹ̀, ewé gbígbẹ sì tẹ́ sí ìdí rẹ̀ bí ẹní. Nígbà ọ̀dá 1983, iná jó oko kòkó púpọ̀ ní ilẹ̀ Gánà. Ọ̀dá àti iná, pẹ̀lú owó kòkó tí kò dára láti ìgbà pípẹ́, mú kí ìkórè wọn ní 1983/84 má tó 160,000 tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni ó ti ju 500,000 lọ ní 1964/65.

Mo mọ̀ pé àgbẹ̀ kò lè sun ìgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù kejìlá, nítorí igi tí ó gé kò tíì gbẹ. Ìgbà tí iná le jù gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí. Nítorí náà, kí ìmúrasílẹ̀ ṣáájú. Kí olóko kòkó ro ẹ̀bá oko rẹ̀ yíká kí ọyẹ́ tó dé, kí ó sì gbá ewé kúrò títí erùpẹ̀ yóò fi hàn. Kí ẹni tí yóò sun ìgbẹ́ sọ fún àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà, kí ó dúró de ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, kí ó sì dáná sí ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí iná lè máa rìn lòdì sí i díẹ̀díẹ̀. Kí ó má sì ṣe padà sílé títí ẹyin iná tí ó kẹ́yìn yóò fi kú.

Iná kò mọ ààlà oko. Ẹni tí ó dá a ni ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n.