Ṣé o mọ̀? Ohun tí rẹfirí ń wò kó tó yọ káàdì

Ní pápá bọ́ọ̀lù, ì báà jẹ́ ní Àrìgìdì, Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà, igbe kan náà ló máa ń tẹ̀lé fèrè: “Bọ́ọ̀lù ni mo gbá!” Ṣé o mọ̀ pé igbe yẹn nìkan kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀? Òfin kejìlá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò fara balẹ̀, fáùlù lásán ni tirẹ̀, kò sí káàdì. Ẹni tí kò bìkítà bóyá ẹlòmíì yóò fara pa, yẹ́lò ni. Ẹni tó lo agbára kọjá ààlà, tó sì fi ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíì wewu, pupa ni, kódà kó ti fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ná.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnu lásán ni rẹfirí fi ń kìlọ̀ nígbà kan? Ní Wembley, níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1966, Rudolf Kreitlein, rẹfirí ará Jámánì, lé Antonio Rattín, balógun Ajẹntínà, jáde. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Rattín kọ̀, kò kúrò fún ìṣẹ́jú gbọọrọ. Ken Aston tó ń bójú tó àwọn rẹfirí ń wakọ̀ lọ lẹ́yìn náà, ó ń ro ọ̀rọ̀ yìí, ló bá rí iná tó ń darí ọkọ̀: yẹ́lò, rọra, pupa, dúró. Bí káàdì ṣe dé nìyẹn.

Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1970 ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, ẹnikẹ́ni kò sì gba pupa níbẹ̀. Carlos Caszely ti Chile ló kọ́kọ́ gbà á ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní 1974.

Ṣé o rántí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Bloemfontein, 17 oṣù kẹfà 2010, nígbà tí Nàìjíríà wa bá Gíríìsì gbá a? Kalu Uche ti jẹ góòlù kan fún wa. Ní ìṣẹ́jú 33, bọ́ọ̀lù ti jáde, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń lé mọ́, ni Sani Kaita bá na ẹsẹ̀ sí Vasilis Torosidis. Pupa! Gíríìsì fi 2-1 nà wá, Torosidis yẹn gan-an ló sì jẹ ìkejì. Lójú tèmi, ẹsẹ̀ kan yẹn ló gba eré náà lọ́wọ́ wa.

Ṣé o mọ̀ pé yẹ́lò lè yí padà di pupa? Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin ní Ọsirélíà lọ́dún 2023, yẹ́lò ni rẹfirí kọ́kọ́ fi han Deborah Abiodun wa nígbà tí a ń bá Kánádà gbá a. Ó wo fídíò VAR, ó sì sọ ọ́ di pupa. Nínú ìdíje kan náà, Lauren James ti England tẹ Michelle Alozie wa mọ́lẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Yẹ́lò di pupa níbẹ̀ náà, wọ́n sì fi eré méjì jẹ ẹ́ níyà.

Nínú rọ́gíbì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yẹ́lò fi ń yọni kúrò. Nínú handball, ìkìlọ̀ lásán ni yẹ́lò. Ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, láti 2019, kóòṣì pàápàá lè gba káàdì. Tí ẹgbẹ́ kan kò bá sì pé ènìyàn méje mọ́, eré parí nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ Àkókó tó ń gbá bọ́ọ̀lù, bí fèrè bá ti dún, ẹ jẹ́ kí balógun yín nìkan bá rẹfirí sọ̀rọ̀. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ dá ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ sí.