Lẹ́ńsì Àtijọ́ Lórí Kámẹ́rà Rangefinder: Ó Wọlé, Ṣé Ó Ríran?

Ìbéèrè kan ni ọ̀pọ̀ yín ń bi mí: "Ṣé lẹ́ńsì àtijọ́ tí mo rà yìí á wọ kámẹ́rà mi?" Mo máa dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Nígbà tí ìyá mi àgbà pé ọgọ́rin ọdún, mo gbé Leica M3 mi lọ, mo fi Jupiter-3 sí i, lẹ́ńsì Rọ́ṣíà tí a lè ṣí dé f/1.5. Mo jókòó ní nǹkan bíi mítà kan sí wọn. Odidi fíìmù kan ni mo yà. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, ojú Màmá ṣú bàìbàì nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n gèlè wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí hàn débi pé ẹ lè ka òwú inú rẹ̀.

Lẹ́ńsì náà wọlé dáadáa o. Ìyẹn gan-an ló tàn mí.

Leica ayé àtijọ́ ní ẹnu tí a ń yí lẹ́ńsì wọ̀ bí ìdérí ìgò, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 39. Láti ẹnu yẹn dé ojú fíìmù jẹ́ mìlímítà 28.8. Ní 1954, M3 dé pẹ̀lú ẹnu M, tí tirẹ̀ jẹ́ 27.8. Òrùka adapter tó nípọn mìlímítà kan á dí àlàfo yẹn, lẹ́ńsì àtijọ́ á sì jókòó síbi tó yẹ gẹ́lẹ́. Lẹ́ńsì M ní tirẹ̀ kò lè wọ kámẹ́rà oníyíyí láéláé.

Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́ńsì Zenit àtijọ́. Ẹnu 39 ni òun náà ní, á yí wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n mìlímítà 45.2 ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí ohun tó máa hàn kedere.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Màmá. Nínú rangefinder, a kì í wò gba inú lẹ́ńsì. Fèrèsé ọ̀tọ̀ la ń wò. Òrùka irin ẹ̀yìn lẹ́ńsì ló ń ti apá kékeré kan nínú kámẹ́rà, apá náà ló ń mú kí àwòrán méjì di ọ̀kan lójú wa. Ohun tí apá bá sọ la ń gbàgbọ́. Leica ṣe apá tirẹ̀ fún lẹ́ńsì 50 tí ìwọ̀n rẹ̀ gan-an jẹ́ 51.6. Jupiter-3 tẹ̀lé Sonnar ti Zeiss ní Jámánì, tí tirẹ̀ sún mọ́ 52.4. Ìyàtọ̀ kékeré, àbí? Ní mítà kan, lẹ́ńsì ń wo bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kọjá ibi tí fèrèsé sọ. Láti ojú Màmá sí ẹ̀gbẹ́ gèlè nìyẹn.

Tí ẹ bá dín ojú lẹ́ńsì kù sí f/8, àṣìṣe náà á fara pamọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ lẹ́ńsì tún lè fi irin pẹlẹbẹ kan kún inú rẹ̀ kó lè ríran nítòsí. Àmọ́ nígbà náà, ohun tó jìnnà á ṣú díẹ̀ bí ẹ bá ṣí i tán. Ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Èmi ò jẹ́ kí wọ́n tú tèmi.

Lóṣù tó kọjá, mo padà lọ, f/8, níta, nínú oòrùn. Màmá wo kámẹ́rà náà, wọ́n ní: "Ṣé gèlè mi lo tún wá yà?"