Ẹ̀kọ́ Ìbáṣepọ̀ Orílẹ̀-Èdè: Ẹ Jẹ́ Kí A Béèrè Kí A Tó Sanwó

Ẹ̀yin òbí wa, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan wá bá mi ní ọ́fíìsì wa ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí ọ̀rọ̀ gbèsè. Iṣẹ́ òru ni ó fi sanwó kí ọmọ rẹ̀ obìnrin lè gba oyè másítà nínú ìmọ̀ ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè ní yunifásítì olókìkí kan. Ọmọ gboyè tán, ọdún méjì kọjá, kò ríṣẹ́. Iṣẹ́ aṣojú ìjọba ní òkèèrè ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òkèèrè ti Bìrìtéènì kì í gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ-ìlú. Ìwé ìgbélùú lásán ni ọmọ yìí ní. Ẹni tó gbowó kò sọ, ẹni tó sanwó kò béèrè.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìbéèrè kìíní nìyí: irú ìwé wo ni ó wà lọ́wọ́ ọmọ? Bákan náà ni ó rí ní Amẹ́ríkà. Bí ìwé kò bá tíì pé, ẹ kọ́kọ́ lépa rẹ̀, tàbí kí ọmọ kọjú sí àwọn àjọ àgbáyé àti báńkì.

Ìkejì: kí ni ọmọ yóò mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí ó bá jáde? Agbanisíṣẹ́ a máa wá ẹni tó mọ ìṣirò, òfin, ètò ìlera tàbí ọrọ̀-ajé. Akínwùmí Adéṣínà, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ifẹ̀ àti ní Purdue ní Amẹ́ríkà; òun ni ó jẹ́ ààrẹ Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà láti 2015 di 2025. Èdè pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Mẹ́fà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń lò: Lárúbáwá, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, èdè Ṣáínà, ti Rọ́ṣíà àti ti Sípéènì. Ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò tíì dira tán.

Ìkẹta: níbo ni àwọn tó jáde ní ọdún méjì sẹ́yìn ti ń ṣiṣẹ́? Ẹ má gba ìtàn ogún ọdún. Ní 2020, Bìrìtéènì da iléeṣẹ́ ìrànwọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọ̀rọ̀ òkèèrè; ní 2025, Amẹ́ríkà ti USAID pa. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí àwọn ẹ̀gbọ́n bá wọlé ti tì.

Ìkẹrin: ta ni yóò bọ́ ọmọ nígbà tí ó bá ń kọ́ṣẹ́? Ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kì í sanwó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, owó ilé ní New York àti Geneva sì ga púpọ̀. Ẹ fi èyí kún iye tí ilé-ẹ̀kọ́ bá pè.

Ọmọ ìyá yẹn ti ríṣẹ́ báyìí, ní àjọ kan tó ń tọ́jú àwọn asásálà. Èdè Faransé tí ó kọ́ ní kékeré ni wọ́n fi gbà á. Ìyá rẹ̀ ṣì ń san gbèsè. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ṣe làálàá asán lórí àwọn ọmọ wa.