Ọmọ Oníbẹ́líìtì

Níbi ìkómọjáde kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà nídìí tábìlì wa ń ròyìn ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ l'Ékòó. Ẹgbẹ́ àwọn tó fọwọ́ ara wọn dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni, ó sì ní ẹ̀ka káàkiri àgbáyé. Ó ní ìlú yòówù kí òun bà sí, òun á rí ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò gba òun lálejò. Bàbá àgbà kan, oníṣòwò kòkó àtijọ́, gbọ́ ọ títí, ó nu ẹnu, ó ní, "Ẹgbẹ́ Pàràkòyí àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ náà nìyẹn. Ẹ kàn fi dọ́là kún un ni."

"Ó tì o, Bàbá. Òyìnbó ló dá tiwa sílẹ̀."

"Òyìnbó wo?"

Ọmọkùnrin náà ò lè dáhùn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ wádìí.

Láti 1727 tí Benjamin Franklin ti ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ní Philadelphia ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, dé 1905 tí Paul Harris dá Rotary sílẹ̀ ní Chicago, àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà ti ń ṣẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ilé oníbẹ́líìtì ni èyí tí à ń wí yìí ti jáde.

S. Rae Hickok ló ni ilé-iṣẹ́ bẹ́líìtì náà, ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York. Ikú mú un lójijì ní 1945. Ray ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún 27, ni ilé-iṣẹ́ já lé léjìká, tòun ti 300 òṣìṣẹ́. Ta ni yóò bi léèrè ọ̀rọ̀? Bó bá bi òṣìṣẹ́, wọ́n á ní ọmọ ọ̀gá ò mọṣẹ́. Bó bá bi àwọn tí wọ́n jọ ń du oníbàárà, ó ti tú ara rẹ̀ fó. Ló bá wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí, àwọn tó ti di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó pé 40 ọdún. Ní 1950, ìpàdé wọn di Young Presidents' Organization, tí wọ́n ń pè ní YPO.

Ọdún yẹn kan náà ni Ray àti Alan, arákùnrin rẹ̀, dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ ní ìrántí bàbá wọn: bẹ́líìtì fún eléré ìdárayá tó bá ta yọ jù lọ láàárín ọdún. Ẹ má rò pé bẹ́líìtì lásán ni. Awọ ọ̀nì ni wọ́n fi ṣe é, wúrà ni irin ìdè iwájú rẹ̀, dáyámọ́ǹdì sì wà lára rẹ̀. Iye rẹ̀ lé ní 10,000 dọ́là, lásìkò tí owó jẹ́ owó. Phil Rizzuto, tó ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Yankees, ló kọ́kọ́ gbà á. Sandy Koufax, tóun náà ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù, ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Muhammad Ali gba ti 1974, ọdún tó na George Foreman ní Kinshasa.

Ibi tí ìjà wà nìyí. Ní 1987, Verne Harnish dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, Young Entrepreneurs' Organization. Ní 2005 wọ́n yọ "Young" kúrò, ó di EO, ẹgbẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin Mọ́kọ́lá yẹn wọ̀. Bí o bá bi àwọn YPO, wọ́n á ní ọmọ àwọn ni EO. Bí o bá bi àwọn EO, wọ́n á rẹ́rìn-ín: ajogún ni Ray Hickok, kò dá nǹkan kan sílẹ̀, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni tiwọn. Lójú tèmi, òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Àmọ́ ẹni tí bàbá rẹ̀ kú lójijì ló kọ́kọ́ nílò ẹgbẹ́.

Ohun tó wù mí jù nínú ìṣe wọn ni ìpàdé oṣooṣù. Àwọn bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló ń jókòó, ohun tí wọ́n bá sọ kò gbọdọ̀ jáde. Ní EO, o kò gbọdọ̀ gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ni kí o sọ. Mo sọ fún Bàbá oníkòkó. Ó ní irú ìpàdé wo ni àgbà ò ti ní lè gbani nímọ̀ràn?

YPO náà kì í fẹ́ àgbà nígbà kan. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti tó nǹkan bí ẹni 50 ọdún, wọ́n á ní kó máa lọ. Àwọn tí wọ́n lé jáde dá tiwọn sílẹ̀, ní 2007 wọ́n tún dà pọ̀. Ọ̀dọ́ ò fẹ́ dàgbà mọ́.

Ìwọ̀n owó ló wá di ẹnu ọ̀nà báyìí. EO ń béèrè pé kí ilé-iṣẹ́ rẹ máa pa mílíọ̀nù kan dọ́là wọlé lọ́dún. Ray kò bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tàbí bó bá bi wọ́n, kì í ṣe òun ló jẹ ẹ́ lógún. Ẹ lọ wo ọjà aṣọ Gbági n'Ìbàdàn. Mo gbà pé àwọn ìyá aláṣọ kan wà níbẹ̀ tí ọjà wọn tó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ta ni yóò ka ìwé ìṣirò wọn, nígbà tó jẹ́ pé orí ni wọ́n fi ń ṣe é?