Fíìmù Ìjọba ní Accra Láyé Àtijọ́

Láti ìparí Ogun Àgbáyé Kejì títí di ọdún 1996, ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà ní ìlú Accra, tí orúkọ rẹ̀ ń yí padà bí ìjọba ti ń yí, tí ó ń ṣe fíìmù eré àti fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi, èyíinì ni fíìmù tí ó ń fi ìgbé-ayé àwọn ènìyàn hàn bí ó ti rí. Ilẹ̀ Ghánà ni a ti ń ya àwọn fíìmù náà, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ń fọ púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ibi tí a ti fọ̀ wọ́n yìí ni a ó tún bá pàdé nígbẹ̀yìn.

Ìtàn náà kan Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀. William Sellers, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ń fi fíìmù kọ́ àwọn ará Nàìjíríà ní ìmọ́tótó ṣáájú ogun, ni a fi ṣe olórí Colonial Film Unit, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939. Ó gbàgbọ́ pé àwòrán tí ó ń yí kíákíá a máa da ojú àwọn adúláwọ̀ rú, nítorí náà kí fíìmù tiwọn máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Èrò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ará Accra ti ń sanwó wo fíìmù Amẹ́ríkà ní gbọ̀ngàn bíi Palladium, ti oníṣòwò Alfred Ocansey, wọ́n sì ń gbádùn rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni rọra túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Ní ọdún 1948, àjọ Sellers ṣí ilé ẹ̀kọ́ fíìmù sí Accra. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni a gbà: Sam Aryeetey, R. O. Fenuku àti Bob Okanta láti Gold Coast, A. A. Fajemisin, J. A. Otigba àti Malam Yakubu Auna láti Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ náà kò ju oṣù mélòó kan lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni a sì gbé irú rẹ̀ lọ sí Jamaica.

Ní ọdún 1949, Sean Graham, ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ John Grierson, di olórí Gold Coast Film Unit. Fíìmù rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni The Boy Kumasenu (1952), tí George Noble fi kámẹ́rà yà. Kumasenu, ọmọkùnrin kan láti abúlé àwọn apẹja, gbọ́ ìròyìn ìlú ńlá lẹ́nu Agboh ìbátan rẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ ní Accra. Ebi mú un jí búrẹ́dì, ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ̀ ẹ́, dókítà kan àti ìyàwó rẹ̀ sì gbà á sílé. Nígbà tí Agboh tún dé, tí ó fẹ́ kí ó ran òun lọ́wọ́ láti ja ilé dókítà náà lólè, ọmọ náà ní láti yan ọ̀nà tí yóò tọ̀. Oku Ampofo, tí ó ṣe dókítà nínú eré náà, jẹ́ dókítà àti agbẹ́gilére ní tòótọ́. Àwọn ará ìlú lásán, tí kì í ṣe òṣèré, ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kù. Òpópónà àti etíkun tí a rí sì jẹ́ ojúlówó. Èyí ni ó fi jẹ́ fíìmù eré àti fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn asọ̀tàn kan ni ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí ó wà lọ́kàn Kumasenu. Ẹni tí ó bá wò ó lónìí yóò rí Accra kedere, yóò sì máa retí kí ọmọ náà la ẹnu.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé náà, Jean Rouch, ya fíìmù ní agbègbè Accra lásìkò yìí. Les Maîtres fous (1955) fi àwọn Hauka hàn, àwọn àlejò láti Niger tí ẹ̀mí gómìnà àti ọ̀gágun òyìnbó ń gùn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ ní Paris náà kò fẹ́ ẹ, nítorí pé wọ́n rí i bí ẹ̀gàn. Nínú Jaguar, tí ó jáde ní ọdún 1967, Rouch jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò inú fíìmù náà fi ẹnu ara wọn ròyìn ìrìn-àjò wọn.

Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1957, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú. Aryeetey gbé No Tears for Ananse jáde ní ọdún 1968, láti inú eré Joe de Graft; Ananse aláǹtakùn ni àwọn Akan fi ń ṣe ohun tí Ìjàpá ń ṣe nínú àlọ́ Yorùbá. I Told You So ti Egbert Adjesu tẹ̀ lé e ní ọdún 1970. Ọdún náà ni Nii Kwate Owoo ya You Hide Me nínú British Museum, láti fi àwọn iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tí a kó pamọ́ síbẹ̀ hàn.

Ìfipágbàjọba oṣù kejì ọdún 1966 ni ó kọ́kọ́ ba ìṣúra náà jẹ́: wọ́n sun fíìmù tí ó ní Kwame Nkrumah nínú. Ní ọdún 1996, ìjọba ta ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ kan láti Malaysia, a sì da ọ̀pọ̀ fíìmù nù. Anita Afonu ròyìn àdánù yìí nínú Perished Diamonds (2013). Ṣùgbọ́n fíìmù tí a ti kọ́kọ́ yà, tí a fi ránṣẹ́ fún fífọ̀, kò kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Chris Hesse, ẹni tí ó ń ya Nkrumah ní fíìmù, fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ẹ̀dà The Boy Kumasenu náà wà ní British Film Institute.