Ìlà Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà Kan

Bí ọlidé bá ti ń sún mọ́lé, fóònù mi kì í sinmi. Kissimmee ni mo ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá tí gbogbo ayé ń wá wò kò sì jìnnà sí wa. Àwọn ẹbí tó ń bọ̀ láti Èkó àti Ìbàdàn, àti àwọn tó wà ní Houston, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé, ṣé dandan ni ká tún ra èyí tí kò ní jẹ́ ká tò yìí?" Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé sọ lórí fóònù, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Ọ̀fẹ́ ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1999 ni Disney gbé FastPass jáde ní Walt Disney World. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré tí èrò bá ti ń pọ̀ jù. Ẹ ó ti tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé yín bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á pọ ìwé pélébé kan jáde tó sọ pé kí ẹ padà wá láàárín aago báyìí sí aago báyìí. Ẹ lè lọ jẹun, ẹ lè lọ ya fọ́tò, ẹ lè gbé ọmọ lọ síbi òjìji. Bí àkókò bá tó, ẹ ó gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé. Olówó àti mẹ̀kúnnù, ìwé kan náà ni, ẹni tó bá tètè dé ló ń rí i gbà. Nígbà tó yá, ìwé di ẹ̀gbà ọwọ́ àti fóònù, àmọ́ owó kò tíì wọ̀ ọ́. Lóṣù kẹta ọdún 2020 tí àrùn kòrónà ti gbogbo ọgbà pa, FastPass bá a lọ, kò sì padà wá mọ́.

Èyí tó rọ́pò rẹ̀ dé lóṣù kẹwàá ọdún 2021. Genie+ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, dọ́là 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Kò pẹ́ tí owó náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́: bí èrò bá pọ̀, ó ń kọjá dọ́là 30. Lọ́dún 2024 ó di Lightning Lane Multi Pass. Àwọn eré mélòó kan tí gbogbo èèyàn ń dù kò sí nínú rẹ̀ rárá, ọ̀tọ̀ lowó tiwọn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé Premier Pass jáde, tí ẹni tó bá rà á lè gba ọ̀nà kejì nígbà tó bá wù ú, láìdá aago, ẹ̀ẹ̀kan lórí eré kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó jáde, ní Magic Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà Disney, ó ń tó dọ́là 449 fún ẹnì kan fún ọjọ́ kan lásìkò tí èrò bá pọ̀ jù. Owó ìwọlé kò sí nínú ìyẹn.

Kí ló wá dé tí ìlà ò kúrú pẹ̀lú gbogbo ètò yìí? Ìjókòó ló fà á. Ọkọ̀ eré kọ̀ọ̀kan ní iye èèyàn tó lè gbé láàárín wákàtí kan, kò sì sí tíkẹ́ẹ̀tì tó lè fi ìjókòó kan ṣoṣo kún un. Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ̀ kan ń gbé 1,000 èèyàn ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá ya ìjókòó 700 sọ́tọ̀ fún àwọn tó sanwó, 300 ló kù fún àwọn tó tò. Ẹni tó bá èèyàn 600 níwájú rẹ̀ lórí ìlà, tó yẹ kó wọlé láàárín ìṣẹ́jú 36, yóò wá dúró fún wákàtí méjì gbáko. Ìṣẹ́jú tí ẹnì kan jèrè, ara ẹlòmíràn ni wọ́n ti yọ ọ́.

Àwọn kan á ní, bí kò bá sí ọ̀nà kejì, ṣebí orí ìlà kan náà ni àwọn 700 yẹn ìbá wà? Òótọ́ ni, àmọ́ ó kù síbì kan. Ẹni tó tò, ojú kan ló lè wà. Ẹni tó ti gba àyè sílẹ̀ lórí fóònù ń dúró de eré kan láìfẹsẹ̀ dúró, ara rẹ̀ sì wà lórí ìlà eré mìíràn. Ẹnì kan ti di méjì nìyẹn. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀, gbogbo ìlà inú ọgbà ló máa gùn, títí kan ti àwọn eré kéékèèké tí èèyàn ìbá kàn rìn wọ̀. FastPass ọ̀fẹ́ náà fa irú èyí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kò yan ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní tìtorí ìyẹn sọ pé kò lábùkù.

Ẹ lọ dúró síbi Peter Pan's Flight ní Magic Kingdom kí ẹ fojú ara yín rí i. Eré yẹn ti wà láti ọdún 1971 tí ọgbà náà ṣí. Ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n fi kọ́ sókè ni, ó ń gbé èèyàn díẹ̀ díẹ̀ fò kọjá lókè ìlú London lóru. Ọkọ̀ náà kéré, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà ìlà ibẹ̀ kì í tán. Lápá kan, òpó kan wà tí àwọn tó sanwó ń fi ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí fóònù kàn. Iná á tàn, wọ́n á kọjá. Níwájú, ọ̀nà méjèèjì pàdé, òṣìṣẹ́ kan sì dúró níbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ pín wa. Ìdílé kan tó sanwó kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún dé, kó tó yíjú sọ́dọ̀ tiwa. Á mú èèyàn bíi mélòó kan, á tún gbé ọwọ́ sókè pé ká dúró. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Ibẹ̀ ni ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, ti pariwo pé, "Àǹtí, wọ́n ń ṣọ́ǹtì!" Níléèwé wọn, ẹni tó bá ṣọ́ǹtì nídìí oúnjẹ, ẹ̀yìn pátápátá ni tíṣà ń dá a padà sí. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún un pé wọ́n sanwó ni, mo rí àwọn ìyá àti bàbá tó wà níwájú wa tí wọ́n ń ṣàlàyé ohun kan náà fún àwọn ọmọ tiwọn, ní èdè Potogí àti ní èdè Sípéènì. Onímọ̀ kan, David Maister, kọ àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 1985 lórí ohun tó ń lọ lọ́kàn ẹni tó bá tò. Ó ní ìdúró tó bá ní ojúsàájú nínú máa ń pẹ́ lójú èèyàn ju èyí tó kárí gbogbo èèyàn lọ. Ẹni tó bá ti fi ọmọ sọ́rùn níbi tí ọ̀nà méjì yẹn ti pàdé mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Síbẹ̀, mo ti ní kí àwọn èèyàn mi rà á, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Nígbà tí màmá mi wá, orúnkún kò gbà fún un láti dúró pẹ́. Oòrùn Florida lóṣù keje kì í ṣe oòrùn ẹ̀rín, bó bá sì di ọ̀sán, òjò àti àrá á tún dé tí wọ́n á ti àwọn eré ìta pa. Ẹni tí a ń gbóúnjẹ fún, tí a ń ṣe lálejò, a ò lè jẹ́ kí ó lo ọjọ́ kan ṣoṣo tó ní nínú ọgbà lórí ìdúró. Ìdílé tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, tó ti náwó físà, tí ó sì lè máà wá mọ́ láéláé, mi ò lè bá wọn wí bí wọ́n bá fi dọ́là díẹ̀ ra wákàtí mẹ́ta padà. Ọgbà tó bá yẹ kí ẹ rà á sí ni Magic Kingdom, torí ibẹ̀ ni eré ti pọ̀ jù. Ní Animal Kingdom, tó jẹ́ ti Disney náà, bí ẹ bá tètè dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ẹ fi owó yín sápò.

Àmọ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Kì í ṣe kí ẹ sanwó kí ẹ máa wọlé bó ṣe wù yín. Nínú Multi Pass, ẹ ó kọ́kọ́ mú eré mẹ́ta, ẹ ó dá aago fún wọn lórí fóònù. Ẹni tó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì Disney lè mú tirẹ̀ ní ọjọ́ méje ṣáájú, ẹni tó sùn sílé mi ní Kissimmee di ọjọ́ mẹ́ta. Kí tiwa tó kàn, àwọn aago tó dára jù ti lọ. Lẹ́yìn náà, jálẹ̀ ọjọ́, ẹnì kan nínú ìdílé á tẹ orí mọ́ fóònù, á máa wá àyè mìíràn. Mo ti rí bàbá tó wá láti ọ̀nà jíjìn, tó jẹ́ pé ojú fóònù ló wò ju ojú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Ní àwọn ọgbà Universal, ohun tí wọ́n ń tà rọrùn láti lóye. Express ni wọ́n ń pè é, kò sí aago dídá, owó rẹ̀ sì ga. Ẹni tó bá sùn sí Portofino Bay, Hard Rock tàbí Royal Pacific ń gbà á láìsan owó mìíràn, bẹ́ẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣọ́ owó ná. Àwọn ará wa ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ Fastrack ní Thorpe Park àti Alton Towers. Èyí tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ẹ lè rà á fún eré kan ṣoṣo.

Ètò tó wù mí jù wà ní Volcano Bay, ọgbà omi tí Universal ṣí lọ́dún 2017. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni wọ́n ń fún ní ẹ̀gbà ọwọ́ kan, TapuTapu, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ó fi kan òpó lẹ́nu ọ̀nà eré, á ka iye ìṣẹ́jú tó kù fún yín, ẹ ó wá lọ lúwẹ̀ẹ́. Bí ó bá kàn yín, á pè yín lọ́wọ́. Wọ́n ń ta Express níbẹ̀ náà, bí èrò bá sì pọ̀, ìdúró lè di wákàtí mélòó kan. Ṣùgbọ́n inú omi lẹ ti ń dúró, àti ọlọ́rọ̀ àti òtòṣì.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn tí ara wọn ò gbà kí wọ́n tò. Ètò kan wà fún wọn ní Disney. Nígbà kan, káàdì wọn ń jẹ́ kí wọ́n wọlé tààrà, títí ìwé ìròyìn New York Post fi gbé e jáde lọ́dún 2013 pé àwọn olówó kan ń háyà ẹni tó ní àìlera kí wọ́n lè bá a kọjá. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n yí i padà: aago ìpadàwá ni wọ́n ń fún wọn, tó bá iye àkókò tí ìlà gbà mu. Lọ́dún 2024 wọ́n tún fún ẹnu ọ̀nà náà pọ̀. Ẹni tó ní ọ́tísíìmù tàbí ohun tó jọ ọ́ ni wọ́n ní ó wà fún báyìí. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tó wọ́pọ̀ láàárín wa, kò sí nínú ohun tí wọ́n dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ooru àti òǹgbẹ wà lára ohun tó ń gbé ìrora rẹ̀ dìde. Wọ́n ní àwọn ọ̀nà mìíràn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè bá lọ, bíi kó jáde lórí ìlà kó sì padà wá bá àwọn èèyàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń rò ó pé ó sàn kí àwọn kúkú sanwó. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ìtọ́jú ti di ọjà. Èyí burú ju dọ́là 449 lọ lójú mi.

Ẹni tó ń ta agbòjò kì í gbàdúrà kí òjò má rọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń jèrè lórí ìlà gígùn, kí ló máa mú un kọ́ eré tuntun kíákíá, tàbí kó dín iye èrò tó ń gbà wọlé kù? Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè gbà pé ohun tó dára fún oníbàárà nìkan ni wọ́n ń wá.

Kí ẹ tó náwó, ẹ béèrè ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ní ọmọ tí gíga rẹ̀ kò tíì tó fún eré kan, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ fẹ́ Rider Switch. Bàbá á tò, á gun eré, ìyá á dúró ti ọmọ níta. Bí bàbá bá jáde, ìyá á gba ọ̀nà kejì wọlé láìtún tò. Kò sẹ́ni tó máa fi lọ̀ yín bí ẹ ò bá béèrè. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ìdílé Nàìjíríà pàdé tí wọ́n pín ara wọn sí méjì, tí olúkúlùkù sì tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé wọn ò gbọ́ ọ rí.

Ohun tí mo sì fẹ́ kí àwọn ọgbà wọ̀nyí ṣe kò le. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà eré kọ̀ọ̀kan tó ń sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹni tó tò máa fi dúró. Kí wọ́n kọ nǹkan kejì sí i: nínú ọgọ́rùn-ún ìjókòó wákàtí yìí, mélòó ni wọ́n ti tà? Wọ́n mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ wọn ló ń ka gbogbo ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń kọjá. Kí wọ́n dá èyí tí wọ́n ń tà dúró sí ìdajì, kí wọ́n má sì ka àwọn tó ní àìlera mọ́ ọn. Nígbà náà, bàbá tó kó ọmọ mẹ́rin wá láti Ìbàdàn á lè ka pátákó náà, á sì mọ̀ bóyá kí òun tò, kí òun sanwó, tàbí kí òun kó wọn lọ síbi eré tó kàn.